Ẹ̀jẹ̀ Ni Tàbí Ìtẹ́: Ta Ni Ó Ni Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni, ẹyẹ ni a ó sì fi sọ ọ́.

Ní ìpàdé wa kan tí kò tíì pẹ́, ọmọkùnrin kan wọlé wá jẹ́ iṣẹ́ fún bàbá rẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó lóṣòó gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Hausa ti ń ṣe níwájú àgbà, ó sì kí gbogbo wa ní èdè Hausa tí ó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa wí pé, “Èyí kì í ṣe ọmọ wa mọ́. Ìlú ti gbà á lọ́wọ́ wa.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ náà kò sì rẹ́rìn-ín. A bá ìpàdé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Kí ni ó ń sọ ọmọ di ọmọ ẹni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti wá ni, tàbí ilé tí a ti tọ́ ọ?

Ẹyẹ pupa kékeré kan wà tí gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé òkè Ọya mọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó ń ṣa èso koríko jẹ nínú àgbàlá, ó sì ń kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí ihò ògiri àti abẹ́ òrùlé koríko. Ẹyẹ kejì wà tí akọ rẹ̀ máa ń dúdú ní ìgbà òjò, tí ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ tí ó mu aró dáadáa. Ẹyẹ aró ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwa yóò pè é ní ẹyẹ aláró. Abo rẹ̀ kò dúdú rárá, ó dà bí ológoṣẹ́ lásán.

Ẹyẹ aláró kì í kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀. Inú ìtẹ́ ẹyẹ pupa ni abo rẹ̀ ń yé sí, kò sì ní padà wá tọ́jú ẹyin náà. Ẹyẹ pupa ni yóò sàba lé e, òun ni yóò pa á, òun ni yóò sì fi oúnjẹ bọ́ ọ. Inú ẹnu ọmọ ẹyẹ aláró ní àwọn àmì tó-tò-tó tí ó jọ ti inú ẹnu ọmọ ẹyẹ pupa, débi pé bí gbogbo wọn bá la ẹnu papọ̀, ìyá kò lè sọ pé àlejò wà nínú wọn. Kì í ti ọmọ onílé dànù kúrò nínú ìtẹ́ bí ọmọ àwọn ẹyẹ mìíràn tí ń ṣe irú nǹkan báyìí. Wọ́n jọ ń dàgbà ni.

Ọmọ Jámánì kan, Jürgen Nicolai, ṣe àlàyé ohun ìyanu kan ní 1964. Ó ní akọ ọmọ ẹyẹ aláró máa ń kọ́ orin bàbá tí ó tọ́ ọ, nígbà tí ó bá sì dàgbà, orin ẹyẹ pupa ni yóò máa kọ lórí igi. Abo náà ti gbọ́ orin yẹn láti inú ìtẹ́. Bí ó bá tó àkókò àti ní ọkọ, akọ tí ó bá ń kọ orin ilé tí a ti tọ́ òun ni yóò tọ̀ lọ, inú ìtẹ́ irú àwọn tí ó tọ́ ọ náà ni yóò sì yé ẹyin sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Payne ti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò. Wọ́n fi ọmọ ẹyẹ aláró sí abẹ́ ẹyẹ ilé kan tí ìran rẹ̀ ti Éṣíà wá, èyí tí kò bá ẹyẹ aláró pàdé nínú igbó rí. Àwọn akọ tí ó dàgbà níbẹ̀ kọ orin ará Éṣíà. Àwọn abo tí ó dàgbà níbẹ̀ yan akọ tí ó ń kọ orin ará Éṣíà, wọ́n sì lọ yé sínú ìtẹ́ rẹ̀. Àbájáde ìwádìí yìí jáde ní 1998 àti ní 2000. Ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá wọn kò pè wọ́n padà sọ́dọ̀ ẹyẹ pupa.

Ìlú wa yìí pàápàá wà nínú ìtàn náà. Oríṣi ẹyẹ aláró kan wà tí a fi Jos sọ lórúkọ. Orin tí ó ń kọ ni ó mú Payne wá ẹyẹ pupa kan láàárín àwọn àpáta Plateau, èyí tí ìwé onímọ̀ kankan kò tíì dárúkọ. Ní 1998 ni ó tó fún ẹyẹ náà ní orúkọ. Bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ bí ọmọ kan ti ń sọ̀rọ̀, tí ó wá béèrè pé ilé ta ni wọ́n ti tọ́ èyí, tí ó sì tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ẹni tí ó bá dé Amurum ní ẹ̀yìn ìlú lè rí àwọn méjèèjì títí di òní.

Ní 2003, Payne pẹ̀lú Michael Sorenson àti Kristina Sefc yẹ DNA wọn wò, ìyẹn ohun tí ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ. Oríṣi ẹyẹ aláró mẹ́wàá ni ó wà ní Áfíríkà. Àwọn ẹyẹ tí ń tọ́ wọn ti yà kúrò lára ara wọn láti ìgbà tí ó jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ẹyẹ aláró fúnra wọn kéré púpọ̀, àná ni. Ìtẹ́ ni ó yà wọ́n. Bí abo kan bá ṣìnà, tí ó yé sínú ìtẹ́ oríṣi mìíràn, tí ọmọ rẹ̀ sì yè é, ọmọ náà yóò jáde pẹ̀lú orin tuntun, kò sì ní pẹ́ tí àwọn olórin tuntun yóò máa fẹ́ ara wọn.

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ẹní bíni là ń jọ. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹyẹ yìí jọ ẹní bí i ní ìyẹ́, ó jọ ẹní tọ́ ọ ní ohùn, ohùn yìí ni ó sì fi ń fẹ́ ìyàwó. Òfin ẹ̀sìn wa pàápàá kò fi gbogbo ẹrù lé ẹ̀jẹ̀ lórí. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ni orúkọ bàbá àti ogún. Ṣùgbọ́n ọmú tún dá ìbátan tirẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn tí ó mu ún papọ̀ kò fi lè fẹ́ ara wọn. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé àárín àwọn ará aginjù, lọ́dọ̀ Halimah, ni a ti tọ́ Ànábì wa ní kékeré. Àwọn Lárúbáwá ìgbà náà máa ń gbé ọmọ lọ bẹ́ẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le, kí èdè rẹ̀ sì lè já gaara. Wọn kò bẹ̀rù pé alágbàtọ́ yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹyẹ aláró ń jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, kí ni a ṣe fi ara wa wé olójúkòkòrò? Òótọ́ ni pé kò dára kí a fi ẹyẹ ṣe òṣùwọ̀n ìwà. Ẹyẹ kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú, kò sì mọ̀ pé òun ń gba ohun tí kì í ṣe tòun. Àwa san owó ilé, a san owó orí, a kọ́ ṣọ́ọ̀bù, a sì sin òkú wa síhìn-ín. Síbẹ̀, kí a má yára jù. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìgbà tí àwọn ìyá wa máa ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tí wọn kì í dé títí di lẹ́yìn Ìṣáì. Ta ni ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ọ̀dọ̀ ìyá Hausa tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni. Òun ni ó fún un ní fùrá, òun ni ó kọ́ ọ ní lílóṣòó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a wá ń bínú sí ọmọ nítorí ohun tí a fi ọpẹ́ gbà. Ẹyẹ aláró kò kọrin sétí ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sì bá ọmọ náà jà pé kò mọ orin òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní Jos. Àríyànjiyàn lórí ta ni ọmọ onílẹ̀ àti ta ni àlejò wà lára ohun tí ó fa ìtàjẹ̀sílẹ̀ ní 2001, ní 2008 àti ní 2010. Bí ọmọ wa bá ń wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí sí ẹnu iṣẹ́, wọ́n lè bi í ní ìwé ọmọ ìbílẹ̀, kò sì ní in. Bí ó bá délé nígbà ọdún, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á máa pè é ní Gàmbàrí. Ẹnu ọ̀nà méjì ni a ti ti mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni ìpàdé wa, àwa náà sì fẹ́ ti í.

Ohun kan tún wà tí a kò tíì sọ nípa akọ ẹyẹ aláró. Orin rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Yàtọ̀ sí ti alágbàtọ́, ó ní orin mìíràn tí kò bá ti ẹyẹ pupa mu rárá, èyí tí ó ń kọ́ lẹ́nu àwọn akọ irú tirẹ̀ tí ó bá ní àdúgbò, lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú ìtẹ́. Orin yìí ń yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì. Kò ní láti gbàgbé ti àkọ́kọ́ kí ó tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí igi tí àwọn akọ ìyókù ti ń kọ ọ́. Ní ti àwa, ibi ìpàdé ni igi yẹn. Bí a bá fi ẹ̀rín lé ọmọ kúrò níbẹ̀, níbo ni ó ti fẹ́ gbọ́ Yorùbá tí a ní kò gbọ́?

Ẹ sì tún wo èyí. Àwọn ẹyẹ aláró kò rí bàbá tàbí ìyá wọn rí, síbẹ̀ wọ́n ń mọ ara wọn. Orin alágbàtọ́ gan-an ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Àwọn ọmọ wa tí ó lọ kàwé ní Ìlọrin àti ní Ìbàdàn sọ fún wa pé ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á wà lórí ìlà oúnjẹ, wọ́n á gbọ́ tí ẹnìkan tí ń jẹ́ Rasheed tàbí Sìkírátù kígbe ní Hausa bí ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n á yíjú padà. “Ọmọ ibo ni ọ́?” “Jos ni mo ti wá.” Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti di ọmọ ìyá kan náà. Hausa ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, Hausa ni wọ́n fi ń ṣàárò ilé, ilé tí wọ́n sì ń ṣàárò rẹ̀ ni ilé wa.

Ọmọkùnrin tí ó lóṣòó níwájú wa lọ́jọ́ náà ti gba ìwé ìwọlé sí Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ kò tíì padà wá sí ìpàdé.