Ẹni Tó Fẹ́ Ìkookò àti Ẹni Tó Ni Ẹran

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó padà wá bá adìyẹ wí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ni adìyẹ ni yóò lé akátá. Ó ń di ọ̀ràn nígbà tí ẹlòmíràn, tí kò sin adìyẹ kankan, bá dìde tí ó ní òun fẹ́ kí akátá wà níbẹ̀. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀? Ìbéèrè yìí wà nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lónìí, àmọ́ ìkookò ni ẹranko tiwọn, màlúù àti àgùntàn sì ni ẹran ọ̀sìn wọn.

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìkookò, níbi tí ó ti jẹ́ ọ̀tá agbo àgùntàn. Ojú kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi wò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n yìnbọn fún un, wọ́n dẹ pàkúté sílẹ̀ dè é, wọ́n fi májèlé sínú ẹran fún un jẹ. Ìjọba pàápàá ń sanwó fún ẹni tó bá pa á. Kí ọdún 1950 tó pé, ìkookò ti tán ní ìpínlẹ̀ Colorado. Nígbà tó yá, èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn yí padà. Wọ́n ní ẹranko tí Ọlọ́run dá sínú igbó kò yẹ kí ó parẹ́ nítorí pé ó ń yọ wá lẹ́nu, àti pé ìkookò ni kì í jẹ́ kí àwọn ẹranko tó ń jẹ ewéko pọ̀ jù. Ní 1995 àti 1996, ìjọba kó ìkookò 31 láti Kánádà wá sínú ọgbà ẹranko Yellowstone. Wọ́n bí, wọ́n sì rẹ̀.

Ní ọdún 2020, àwọn ará Colorado dìbò lórí bóyá kí a dá ìkookò padà sí ìpínlẹ̀ wọn. Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni fi díẹ̀ kọjá 50 nínú 100. Ẹ wo bí ilẹ̀ wọn ṣe rí. Òkè Rocky Mountains là á sí méjì. Ìlà-oòrùn ni Denver àti àwọn ìlú ńlá mìíràn wà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé. Òfin ní apá ìwọ̀-oòrùn ni kí a kó ìkookò lọ, púpọ̀ nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ sì ti dìbò pé àwọn kò fẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n tú ìkookò mẹ́wàá tí wọ́n mú ní Oregon sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹrin 2024, ìkookò ti ń pa ọmọ màlúù ní Grand County.

Òfin ní kí ìjọba san owó ẹran tí ìkookò bá pa, ó sì lè tó 15,000 dọ́là lórí ẹran kan. Èyí dára. Àwọn kan tilẹ̀ lè bi wá pé, kí ni ẹlẹ́ran náà tún ń wá? Ṣebí pípa ni òun náà yóò pa màlúù yẹn níkẹyìn? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó kì í sun oorun fún ènìyàn. Ẹni tó ní láti máa ṣọ́ agbo rẹ̀ lóru nígbà tí màlúù ń bímọ, ta ni yóò san ti àìsùn rẹ̀? Ọmọ màlúù tó sọnù sínú igbó tí a kò rí egungun rẹ̀, báwo ni yóò ṣe fi hàn pé ìkookò ló gbé e? Ẹni tó dìbò ní Denver ti rí ayọ̀ pé ìkookò wà. Ẹlòmíràn ni ó ń san gbèsè ayọ̀ náà.

Ṣé kí a wá fi gbogbo ọ̀rọ̀ lé àwọn tó wà nítòsí lọ́wọ́? Ẹ má yára dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní àríwá Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ ọwọ́ ààbò rẹ̀ kúrò lórí ìkookò, adájọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ọdẹ kíákíá. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní 200 ni kí a pa. Wọ́n yọ 81 nínú rẹ̀ fún àwọn Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tó wà láàárín wọn àti ìjọba. Ó ku 119 fún àwọn ọdẹ yòókù. Àwọn ọdẹ wọ̀nyí pa 218 kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Àwọn mìíràn fi ajá lépa wọn, lórí yìnyín, ní àsìkò tí ìkookò ń gùn fún ọmọ bíbí.

Àwọn Ojibwe ní tiwọn kò fẹ́ pa ẹyọ kan. Nínú ìtàn wọn, ènìyàn àkọ́kọ́ àti ìkookò, tí wọ́n ń pè ní Ma'iingan, jọ rìn yí ayé ká gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá, ohun tó bá sì ṣe ọ̀kan ni yóò ṣe èkejì. Wọ́n fẹ́ dá 81 tiwọn sí. Ìbọn àwọn ẹlòmíràn kò jẹ́ kí dídá sí náà jẹ́. Àwọn Ojibwe náà sì rèé, ìtòsí ni wọ́n ń gbé. Èyí fi hàn pé sísún mọ́ ìkookò nìkan kò sọ ènìyàn di adájọ́ òdodo.

Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni a dá ní ibi méjèèjì. Pípa ìkookò kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún, dídá a sí kọ́ sì ni. Ohun tó burú ni pé kí ènìyàn ṣe ìpinnu tí ẹlòmíràn yóò jẹ ìyà rẹ̀, kí ó sì nu ẹnu rẹ̀ nù. Olùdìbò inú ìlú ṣe é sí ẹlẹ́ran, ọdẹ sì ṣe é sí ọmọ onílẹ̀. Àwọn méjèèjì tún lè ṣe é sí ìkookò, tí kò ní ìbò, tí kò ní agbẹjọ́rò, tó sì jẹ́ pé ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi san tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a mọ ohun tó tọ́ sí oníkálukú. Ẹni tó fẹ́ kí ìkookò wà, kí ó bá ẹlẹ́ran gbé ẹrù náà: kí owó rẹ̀ ra ajá olùṣọ́, kí ó san owó iṣẹ́ àwọn tí ń gun ẹṣin ṣọ́ agbo, kí owó ẹran tó kú sì tètè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹlẹ́ran tí ìkookò kan ń padà wá bá lẹ́yìn gbogbo èyí, kí a gbà fún un láti pa èyí tó ń jẹ ẹran rẹ̀, kí a má pè é ní ìkà. Ṣùgbọ́n kí iye tí a bá fi ọwọ́ sí jẹ́ iye tí a ó pa. Kí a má sì torí ẹyọ kan tó jẹ ẹran pa ọ̀wọ́ tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú igbó.

Àwọn àgbà kò kúkú ní kí a pa akátá run. Wọ́n ní kí a lé e jìnnà. Ẹni tí kò sin adìyẹ, tó sì fẹ́ kí akátá wà láyé, kí òun náà dìde wá bá wa lé e.