Ta Ni Í Jẹ Gbèsè Àlejò?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọmọ àbúrò mi ń ti Aramọkọ lọ sí yunifásitì, tí a jọ dúró lẹ́bàá títì tí ó ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè gba Ìtawùré lọ sí Adó, tí àpò gààrí àti iṣu mẹ́rin wà lẹ́sẹ̀ wa, ó na fóònù rẹ̀ sí mi kí n ka ohun tí àwọn olùṣètò kan níbẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí i: pé ọ̀sẹ̀ ìkínikáàbọ̀ ti dé, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ó bá fẹ́ bá wọn jẹ, kí ó bá wọn mu, kí ó sì bá wọn jó, yóò san 5,000 náírà kí ó tó wọlé. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n san án?"

N kò tètè dá a lóhùn. Àwọn baba wa ní ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án; onílé ni í wá adìẹ pa, òun ni í gún iyán, bí ó tilẹ̀ di kí ó yá owó lọ́wọ́ aládùúgbò kí ojú má baà tì í. Nísinsìnyí, àlejò ni a ní kí ó jẹ gbèsè kí a tó kí i káàbọ̀. Èyí kì í sì í ṣe òwe lásán, nítorí láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní 20,000 náírà lóṣù fún àtijẹ àtimu. Ẹni tí ó bá mú 5,000 nínú rẹ̀ fún àríyá alẹ́ kan, ìdámẹ́rin oúnjẹ oṣù kan ni ó fi jó.

Síbẹ̀, kí a má fi ìkánjú dá ẹjọ́. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó níláárí ní Èkìtì tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dá owó; ọ̀fẹ́ kan sì wà tí ó wọ́n ju ohun olówó lọ, nítorí ọtí àti ẹran tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ń gbé ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láìgba kọ́bọ̀, ẹ̀mí ni wọ́n ń gbà dípò owó rẹ̀ bí ó bá yá. Níwọ̀n bí owó kò ti tó òṣùwọ̀n, kí ni à bá fi wọ̀n ọ́n?

Ifá dáhùn nínú odù Ìwòrì Méjì, ó sì fi ará ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀. Alárá, ọba Aramọkọ tiwa, dé, ó kí baba rẹ̀. Ajerò ti Ìjerò dé, ó kí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ̀, tí ó múra bí baba rẹ̀ ti múra, ní òun kò ní í kí i, nítorí òun náà dé adé. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó gba ọ̀run lọ, ayé sì dàrú. Àsè ń bẹ nílé lọ́jọ́ náà. Ìkíni kan ṣoṣo ni ó wọ́n.

Mo wá sọ fún un pé, "Bí ibà bá dá ọ gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ta ni nínú àwọn tí ó fẹ́ gba owó yìí tí yóò mọ yàrá tí o ń sùn? Bí ẹnì kan bá wà, san án tayọ̀tayọ̀, owó ẹgbẹ́ ni. Bí kò bá sí, owó ìran wíwò ni. Ẹni tí ó ní àjẹṣẹ́kù lè san án, ṣùgbọ́n kí ó má pè é ní ìkínikáàbọ̀."

Kò san án. Ní ọjọ́ kejì ó pè mí pé ọmọ Ìjerò kan tí ó ti wà ní ọdún kẹta rí òun níbi tí òun ti ń gbé ìwé kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó bèèrè orúkọ òun, ó sì bá òun tò lórí ìlà títí wọ́n fi lu ìwé náà ní òǹtẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà ju ọpẹ́ lọ. Mo ní kí ó má rò pé òun kò jẹ gbèsè. Ó ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Ìjerò ni yóò san án fún, bí kò ṣe àlejò tí yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́dún tí ń bọ̀.