A Kì Í Ṣe Tata

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Númérì 13:25–33, Lúùkù 13:10–17

 

Nígbà tí àwọn amí 12 tí Mósè rán padà dé láti Kénáánì, gbogbo wọn ni wọ́n gbà pé ilẹ̀ náà dára. Ojú tí wọ́n fi wo ara wọn ni ó yàtọ̀. Mẹ́wàá nínú wọn ní àwọn dà bí tata lójú ara àwọn, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn rí lójú àwọn òmìrán ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: Bíbélì kò sọ pé òmìrán kan pè wọ́n ní tata. Ẹnu ara wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó sì ná Ísírẹ́lì ní 40 ọdún nínú aginjù. Àwọn àgbà wa náà mọ èyí, tí wọ́n fi ń sọ pé bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ó ṣe bá a pè é.

Tata yìí kò tíì tán láàrín wa. Arábìnrin kan tí ó ń ta ata lọ́jà kò wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí a lọ wò ó nílé, ó ní òun kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san, òun kò sì mọ Bíbélì kà nígbà tí a pe òun pé kí òun kà á. Ó bi wá pé, "Kí ni irú èmi yìí ń wá láàrín yín?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé ọkàn, nítorí pé a mọ ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìbéèrè náà. Àwa ni. Àwa ni a fi aṣọ díwọ̀n ènìyàn.

Ẹ wo bí Jésù ti ṣe. Obìnrin kan wà nínú sínágọ́gù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún 18. Ilẹ̀ ni ó ń wò lójoojúmọ́. Jésù pè é, ó gbé ọwọ́ lé e, ó sì nà ró. Nígbà tí olórí sínágọ́gù bínú, Jésù dáhùn pé ọmọbìnrin Ábúráhámù ni ẹni tí a dè fún ọdún 18 náà. Kò sọ pé ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ. Ọmọ ni ó jẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi tẹ̀. Iyì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tiwa kò sí lọ́wọ́ aṣọ, tàbí ọkọ, tàbí iye ọmọ tí a bí.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún àwa ìhín. Ìtàn Oǹdó sọ fún wa pé obìnrin ni Pupupu, ọba àkọ́kọ́ tí ó jẹ ní ìlú náà. Ìbejì ni, ní àkókò tí a ka ìbejì sí èèwọ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi mú un kúrò ní ààfin baba rẹ̀. Ọmọ tí a kọ̀ ni a wá fi jọba. Ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ọmọbìnrin ọba ni ó ṣe adelé láàrín 2013 àti 2015, kí Déjì tuntun tó gorí oyè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni a ó jókòó lórí ìtẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a rántí Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Ọmọ 19 ni ó bí, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó sì sin ní kékeré. Gbèsè gbé ọkọ rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n ní 1705. Iná jó ilé wọn ní 1709. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1712, ó ń ka ìwàásù fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn aládùúgbò ń wá gbọ́, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 200. Àwọn kan ṣàròyé, ọkọ rẹ̀ sì kọ ìwé sí i. Ó fèsì tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé òun mọ̀ pé obìnrin ni òun, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni ó fi ọkàn wọn sí ìtọ́jú òun. Bí ọkọ òun bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kí ó pàṣẹ gbangba, kí ẹ̀bi rẹ̀ má baà wà lọ́rùn òun níwájú ìtẹ́ ìdájọ́.

Èyí kì í ṣe ìgbéraga. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ nínú Róòmù 12:3 pé kí a má ro ara wa ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó mọ iyì ara rẹ̀ kì í fi ti ẹlòmíràn wọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń yájú sí aládùúgbò rẹ̀ nítorí lésì tuntun, ẹ̀rù tata ni ó ń bà á.

Kí ni kí a ṣe, ẹ̀yin ìyá? Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ orúkọ tí a ń pe ara wa. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ èyí tí a ń pe àwọn ọmọbìnrin wa nígbà tí inú bá ń bí wa. Ọmọ tí a ń pè ní olódo lójoojúmọ́ lè gbà á gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí a yá owó ra aṣọ ẹbí nítorí kí a lè rí bí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a sì pe àwọn opó àti àwọn tí ń wojú Olúwa fún ọmọ wá sí iwájú, bí Jésù ti pe obìnrin náà.

Arábìnrin wa ti padà wá. Aṣọ ìró rẹ̀ ni ó ró wá. Kò ka Bíbélì, ṣùgbọ́n òun ni a ní kí ó gbàdúrà fún àwọn aláìsàn ní ọjọ́ náà, ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìgbàgbé ẹnì kan. Ẹkún ni ọ̀pọ̀ wa fi ṣe àmín.

Kí Olúwa tí ó dá wa ní ọ̀nà ìyanu na gbogbo ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ láàrín wa. Àmín.