Owó Inú Ìsọ̀: Ta Ló Ni Ín?

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Àwọn àgbà kan náà ló sì sọ pé, ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà nínú ọkàn gbogbo ọmọ Yorùbá tó ní ìsọ̀ ní Àbújá. Ará ilé wọlé, ó kí wa kú ọjà, ó jókòó, lẹ́yìn náà ó ní kí a bá òun wá nǹkan díẹ̀. Owó wà nínú àpótí, òun náà sì rí i. Bí a bá fún un, ọjà lè wọlẹ̀. Bí a kò bá fún un, wọ́n á ní a ti lówó tán, a kò mọ ẹbí mọ́. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí gbogbo wa jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ọdún yìí nìyí: owó inú ìsọ̀, ta ló ni ín?

Ohun tí ojú wa rí la ń sọ. Nígbà tí àwa tọkọtaya ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí ní ọdún 2004, ẹ̀gbọ́n wa kan láti ìlú wa ló gbà wá sí yàrá kan ní Nyanya. Oṣù méje la lò lọ́dọ̀ wọn, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Owó àjọ tí a kó la fi ṣí ìsọ̀ oúnjẹ kékeré kan ní Kubwa. A ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí àti òróró, ọjà sì ń yá. Ṣùgbọ́n kò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ tí ìsọ̀ náà fi ṣófo. Olè kò jà á, iná kò sì jó o. Nígbà tí a ṣí ìwé gbèsè wò, orúkọ 21 la bá níbẹ̀, 16 nínú wọn sì jẹ́ ẹbí àti ojúlùmọ̀. Èyí tí àwa fúnra wa mú kò tilẹ̀ sí nínú ìwé rárá: owó aṣọ ẹbí, owó ìsọmọlórúkọ, owó ọkọ̀ tí a fi lọ sílé nígbà ọdún. A kò kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí a gbà pé owó wa ni. Oṣù tí a ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa ti Nyanya ránṣẹ́ sí wa pé ọmọ àwọn wà ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ òfìfo la mú lọ. A ti fún gbogbo ayé ní nǹkan tán kí ẹni tó tọ́ sí jù tó dé.

Ìlú Àbújá fúnra rẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Láti ọdún 1976 tí òfin ti yan ibí yìí fún olú-ìlú, lẹ́yìn ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀, àti pàápàá láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba kó wá láti Èkó, àlejò ló pọ̀ jù nínú wa. A kò ní oko bàbá wa nítòsí tí a lè lọ wa iṣu nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń retí owó oṣù. Bí oṣù bá ti dé ìdajì, àwìn ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun.

A kò sì lè sọ pé àwìn burú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú, ẹni tó ní owó ní báǹkì kò rí owó fi ra iṣu. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló fi ìgbàgbọ́ ta ọjà títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn ló gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ebi. Ṣùgbọ́n ọdún kan náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ẹni tó gbé ọjà láwìn ní oṣù Kẹta, tó san án pé pérépéré ní oṣù Kẹjọ, owó tó san kò lè ra irú ọjà tó gbé lọ mọ́. Kò jẹ gbèsè, síbẹ̀ ọjà wa ti dín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Ká ní a ra àpò ìrẹsì kan ní 50,000 náírà, a sì ń tà á ní 53,000. Èrè wa jẹ́ 3,000. Bí ẹnì kan bá gbé àpò kan láwìn tí kò san án, a gbọ́dọ̀ ta àpò 17 mìíràn kí a tó rí 50,000 tiwa padà. Gbogbo làálàá orí àpò 17 yẹn, kòtò la fi ń dí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé owó inú ìsọ̀ jẹ́ tiwa, irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Apá kan jẹ́ ti ẹni tó kó ọjà fún wa ní Wuse tí a kò tíì san owó rẹ̀ tán. Apá kan jẹ́ ti onílé, apá kan jẹ́ ti ọmọ tó ń bá wa tajà. Apá tó pọ̀ jù jẹ́ ti ọjà ọ̀la. Àgbẹ̀ tó bá se èèbù iṣu rẹ̀ jẹ, yóò yó lónìí, ṣùgbọ́n kí ni yóò gbìn? Òfin pàápàá mọ èyí. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, òfin sì ka ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn ọ̀tọ̀, tó ní owó tirẹ̀ àti gbèsè tirẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ òwò lásán la fi sílẹ̀, gbèsè òwò náà, gbèsè wa ni.

Àmọ́ ẹbí náà ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ wọn sì tọ́. Bí ẹ̀gbọ́n wa ti Nyanya kò bá gbà wá sílé, ibo la ì bá ti rí owó pa mọ́? Bí àwọn tí a jọ ń dá àjọ kò bá dá a, kí la ì bá fi ra àpò àkọ́kọ́? Kò sí ẹni tó dá nìkan ṣòwò. Ẹni tó bá ní òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ti gbàgbé ọ̀nà tó gbà dé ibi tó wà. Ènìyàn ló ń jẹ́ aṣọ.

Báwo wá ni a ó ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwìn ni wọ́n ń tà. Bí ọjọ́ bá pé, wọn á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ẹnu ọ̀nà àlejò ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló wá lè lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé gbèsè tí a mọ̀ pé a kò lè lóṣòó gbà, kí a má pè é ní gbèsè. Kí a pè é ní ẹ̀bùn, kí a sì fún ni níwọ̀n tí ẹ̀bùn wa mọ. Báyìí, ẹni tó gbà á kò ní máa sá fún wa, àwa náà kò ní dì í sínú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Alájọ Ṣómólú pẹ̀lú, bàbá tó di olóògbé ní ọdún 2012, tí a fi ń ṣe àpèjúwe ọlọ́pọlọ pípé: ó ta mọ́tò, ó ra kẹ̀kẹ́. Mọ́tò ló dára lójú ayé, kẹ̀kẹ́ ló wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀. Owó àwọn ènìyàn kún ọwọ́ bàbá yìí, kò sì kà á sí tirẹ̀ rí.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìsọ̀ nìyí:

Èkíní, ẹ san owó oṣù fún ara yín, bó ti wù kó kéré mọ. Èyí nìkan ni owó yín. Ohun tó kù jẹ́ ti ọjà.

Èkejì, ẹ ní àpótí ẹbí. Ẹ máa fi díẹ̀ sí i lóṣooṣù láti inú èrè, kì í ṣe láti inú ojú owó. Bí ó bá tán, ó tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá jáde sílẹ̀, pàápàá èyí tí ẹ̀yin fúnra yín mú.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá máa ta àwìn fún oníbàárà, ẹ dá ọjọ́, ẹ dá iye, ẹ má sì fi kún un kí ó tó san ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá máa sọ pé rárá, ẹ tètè sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má ní kí ènìyàn padà wá lọ́la nígbà tí ẹ mọ̀ pé kò sí.

A tún ìsọ̀ ṣí ní ọdún 2009, ìlànà yìí la sì ń tẹ̀ lé. Kò rọrùn. Àbúrò wa kan tí a sọ fún pé rárá kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì, ó sì dùn wá dọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ti Nyanya wá ṣe iṣẹ́ abẹ, àpótí ẹbí la ṣí. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ wa kò ṣófo.

Kí Olódùmarè bù sí iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó fún wa ní ohun tí a ó fún ni àti ọgbọ́n tí a ó fi fún ni. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àṣẹ.