Owó Tí A Yọ Nínú Ọ̀yà Òṣìṣẹ́

Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì orí 41 àti orí 47, Jákọ́bù 5:4.



Nínú oṣù yìí, a fẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìjọ wa, láti Àgbowó àti Bódìjà títí dé Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ báǹkì, àti àwọn tí ó gbà wọ́n sí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni owó tí òfin pàṣẹ pé kí a máa yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, kí a sì fi pamọ́ dè é di ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé, kí ni ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ń wá nínú ìwé ìjọ, ìdáhùn wa ni pé Jákọ́bù kò tijú láti fi í sínú Èpísítélì rẹ̀. Ó kọ́ wa pé ọ̀yà tí a fi èrú dá dúró ní ohùn, àti pé ohùn náà a máa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ Íjíbítì. Jósẹ́fù gba Fáráò nímọ̀ràn pé kí a máa gba ìdámárùn-ún èso ilẹ̀ ní ọdún méje ọ̀pọ̀. A kò fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú olúkúlùkù, nítorí ẹni tí ó yó lónìí kì í sábà rántí ebi ọ̀la. Nígbà tí ìyàn sì mú, oúnjẹ wà. Ṣùgbọ́n ẹ ka orí 47 pẹ̀lú, èyí tí àwa oníwàásù kì í sábà kà. Ọkà inú àká, ti Fáráò ni. Àwọn ará Íjíbítì fi owó rà á. Nígbà tí owó tán, wọ́n fi ẹran ọ̀sìn rà á. Nígbà tí ẹran tán, wọ́n fi ilẹ̀ wọn àti ara wọn rà á. Ẹ̀mí wọn là, ṣùgbọ́n orúkọ àgbẹ̀ tí ó ro oko kò sí lára àká náà.

Ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ wa fara jọ èyí nígbà kan. A kì í yọ nǹkan nínú owó oṣù rẹ̀; inú àpò ìjọba ni owó ìfẹ̀yìntì yóò ti jáde lọ́dọọdún. Bí àpò náà bá gbẹ, tàbí bí àwọn tí ń ṣọ́ ọ bá kó o jẹ, ẹni tí ó ti sìn fún ọdún 35 a dúró lórí ìlà nínú oòrùn, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kí a lè mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè. Nítorí ìyà yìí ni a fi ṣe òfin tuntun ní ọdún 2004, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí a sì tún un ṣe ní ọdún 2014.

Òfin ọdún 2014 ní kí a yọ náírà 8, ó kéré tán, nínú 100 owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ sì fi náírà 10 tirẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lábẹ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò yan ilé iṣẹ́ tí yóò máa fi owó náà ṣòwò. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni yóò di owó náà mú, kí ẹni tí ń ṣòwò má baà gbé e sá. Àjọ tí a ń pè ní PenCom sì ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ àká Fáráò àti àpò yìí nìyí: orúkọ òṣìṣẹ́ ni ó wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú Ọba mọ irú rẹ̀, nítorí láti ọdún 2012 ni òfin lọ́hùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ sí mú kí agbanisíṣẹ́ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí owó olùkọ́ kan, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀, bá jẹ́ 100,000 náírà lóṣù, a ó yọ 8,000. Agbanisíṣẹ́ yóò fi 10,000 lé e. Ó di 18,000 náírà lóṣù àti 216,000 lọ́dún, láìka èrè. Òfin ní kí owó náà dé ibi ìpamọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ 7 tó kọjá lẹ́yìn tí a san owó oṣù. Bí a bá dá a dúró, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí náírà 2 nínú 100 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí gbèsè tí a jẹ òṣìṣẹ́ náà.

Ẹ kíyèsí i, ará. Yíyọ owó kò ṣòro. Ìwé owó oṣù lè yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Fífi í ránṣẹ́ ni ó ń fẹ́ ẹ̀rí ọkàn. Olùkọ́ náà ti mú 92,000 lọ sílé. Ó gbàgbọ́ pé ìyókù wà ní ibi ìpamọ́. Bí a bá ti fi ra epo jẹnẹrétọ̀, tàbí a ti fi kan òrùlé tuntun, a ti ná owó ẹlòmíràn. Ẹni tí a jà lólè kò sì mọ̀. Ìgbà tí ó bá di ẹni 60 ọdún ni yóò tó mọ̀, nígbà tí kò ní agbára láti tún bẹ̀rẹ̀ mọ́.

A mọ ohun tí àwọn onílé-ẹ̀kọ́ inú ìjọ wa yóò wí: àwọn òbí kò tètè san owó, gbogbo nǹkan sì wọ́n. Òtítọ́ ni, a kò sì sọ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n 8,000 náírà yẹn kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀yà iṣẹ́ tí a ti ṣe tán ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ìjọ ni ó gba òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má sì wí pé ìjọba pàápàá jẹ gbèsè. Ó jẹ ẹ́ nítòótọ́: nínú oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí yíyá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n gbèsè ìjọba kò sọ gbèsè tiwa di mímọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, a ní ọ̀rọ̀ fún yín pẹ̀lú. Àwọn kan ń wí pé Olúwa ní kí a má ṣe àníyàn ọ̀la. Àníyàn ni ó kọ̀, kò kọ ìpèsè. Èèrà inú ìwé Òwe kò ṣe àníyàn, ó ń kó oúnjẹ jọ. Àwọn mìíràn a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni yóò máa mu. Òótọ́ ni, ọmọ kò gbọdọ̀ gbàgbé òbí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń san owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn kò sì bímọ rárá. A mọ̀ pé agbára owó náírà ń dínkù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi àpò yìí ṣe Ọlọ́run rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ tí ó wà sàn ju òfo lọ.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù mọ nọ́ńbà àpò rẹ̀, kí ó máa béèrè ìwé ìṣirò rẹ̀, kí ó sì rí i pé orúkọ ẹni tí yóò jogún rẹ̀ tọ́. Bí ó bá rí i pé owó kò wọlé, kí ó tọ agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lọ ní ìkọ̀kọ̀, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti kọ́ wa nínú Mátíù orí 18. Bí ẹ̀rù bá ń bà á nítorí iṣẹ́ rẹ̀, kí àgbà ìjọ kan tàbí méjì bá a lọ. Ojúṣe àgbà ni èyí. Bí kò bá sí àtúnṣe, PenCom wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gbé e lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Bódìjà àti ẹ̀yin mẹkáníìkì Challenge, tí ẹ kò ní agbanisíṣẹ́, láti ọdún 2019 ni ìjọba ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀yin náà láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń dá àjọ.

A bẹ ẹni tí ó bá ní owó òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ pé kí ó san án kí ó tó tún wá síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bí kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó pe òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí ó sọ òtítọ́ fún un, kí wọ́n sì dá ọjọ́.

Kí Olúwa, ẹni tí kì í kọ arúgbó sílẹ̀, fún wa ní ọwọ́ mímọ́ àti ọjọ́ ogbó alálàáfíà, nípasẹ̀ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.