Afùwàpẹ́ Ló Pẹ́ Dé, Orí Tirẹ̀ Ni Òjò Kò Bàjẹ́

Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ti tọ́mọ, tó ti sanwó ilé ìwé fún wọn, padà forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ yé e, ó sì ń dáhùn ìbéèrè lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá ní kó kọ ojú ewé mẹ́wàá, kó sì tọ́ka sí àwọn ìwé tó kà, àyà rẹ̀ á já. Á jókòó ti kọ̀ǹpútà di òru, á kọ gbólóhùn kan, á pa á rẹ́. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un ni pé ó ti pẹ́ jù. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tó mọyì ìwé ni ìwé ń bà lẹ́rù.

Ifá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ nínú Ogbè Ògúndá, odù tí a tún ń pè ní Ogbè Yọ́nú.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Orísẹ̀ẹ́kú àti Oríléémèrè kò dúró. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá onílé, wọ́n sì mú orí tó wù wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé amọ̀ tútù ni, wọn kò tíì fi iná sun ún. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé ayé, ibi àtúnṣe orí ni gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ń lọ.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, kó mú iyọ̀ àti owó dání. Kó tó jáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ. Lọ́nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó sì bu iyọ̀ sí i fún un. Inú oníbodè dùn, ó fi ọ̀nà ilé Àjàlá hàn án. Ẹni tí Àjàlá jẹ lówó ló bá níbẹ̀. Àjàlá fúnra rẹ̀ ti sá sórí àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó sì fi dán orí wò títí wọ́n fi rí èyí tó jiná dáadáa. Òjò pa òun náà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dúró.

Níbi tí Afùwàpẹ́ ti pẹ́ gan-an ló ti rí ìmọ̀ràn gbà, ibẹ̀ náà ló ti gbé iyọ̀. Àwọn ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà fi wà lẹ́nu iṣẹ́, lọ́jà àti nínú ilé ni iyọ̀ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti gbẹ̀bí fún ogún ọdún, tó wá ń kọ̀wé lórí ìlera aláboyún, ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún tó jókòó tì í. Ọmọ náà sì mọ bí a ṣe ń wá ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n ṣe fún ara wọn bí Afùwàpẹ́ àti oníbodè ti ṣe.

National Open University, tí ọ̀pọ̀ irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń lọ ní Nàìjíríà, mọ ohun tí pípẹ́ jẹ́. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun dá a dúró, ó sì di 2001 kí ìjọba Ọbásanjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Ilé ẹ̀kọ́ tó sùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì tún jí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Àwọn tó wọlé Àjàlá láì bá onílé ló mú orí tútù; kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó le jù fún un ni pé kó gbé iṣẹ́ tí kò tíì dán lọ bá olùkọ́ tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀, kó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó." Bírò pupa olùkọ́ yẹn ni ọ̀pá irin Àjàlá. Ó ń dán ìkòkò wò kí òjò tó dé. Títún un kọ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta sì ni iná tó ń mú amọ̀ le.

Ọ̀nà tí wọ́n ní kó gbà kọ̀wé náà kò ṣàjèjì sí i. Ẹ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe rí. Babaláwo á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn awo tó dífá, á sọ ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tó gbé e wá, á sọ ẹbọ tí wọ́n yàn, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Wándé Abímbọ́lá tú ìlànà yìí palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá. Ohun kan náà ni yunifásítì ń béèrè: ta ló ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ, kí ni ìṣòro, kí lo ṣe sí i, kí lo rí? Ẹni tí kì í pòwe láì kọ́kọ́ ní "àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní" ti mọ bí a ṣe ń tọ́ka sí ọlọ́rọ̀.

Kí wá ni ẹbọ akẹ́kọ̀ọ́ àgbà? Àkókò ni. Kó ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní ìdájí, kó fi kọ ìpínrọ̀ kan péré lójoojúmọ́. Lójú ọpọ́n Ifá, ọmọ awo á tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, á pa á rẹ́, á tún òmíràn tẹ̀, ọdún á sì gorí ọdún. Ojú kì í tì í nítorí èyí tó pa rẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru yẹn, tó kọ gbólóhùn kan tó sì pa á rẹ́, ojú ọpọ́n ló wà. Kó tún un tẹ̀.