Àwọn Mẹ́rin Tí Wọ́n Gbé E

Ibi kíkà: Máàkù 2:1–12, 2 Sámúẹ́lì 4:4 àti orí 9

 

Bí a bá ń ka ìtàn ẹlẹ́gbà tí ó wà nínú Máàkù orí kejì, ibi tí a máa ń sáré dé ni ibi tí Olúwa ti ní kí ó dìde, kí ó gbé àkéte rẹ̀. A ó pàtẹ́wọ́, a ó kọrin, a ó jó. Kò burú. Ṣùgbọ́n èmi ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má ṣe fo ìlà. Ìlà tí a máa ń fò nínú ìtàn yìí ni èyí tí ó sọ pé ènìyàn mẹ́rin ni ó gbé ọkùnrin náà wá. Bíbélì kò sọ orúkọ wọn. Kò sọ bóyá ẹbí ni wọ́n tàbí aládùúgbò. Ó sọ iye wọn, ó sì sọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n gbé e, wọn kò rí ọ̀nà wọlé, wọ́n gun òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Olúwa. Ta ni ó wá tún òrùlé náà ṣe fún onílé? Ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Mo ní ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ní àdúgbò wa ní Mọlété níbí, ọmọ kan wà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wa. Bọ́ọ̀lù ni ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó fò sókè láti fi orí gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ mìíràn kọ lù ú, ó sì fi ọrùn balẹ̀. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, a kún ilé wọn dé ẹnu ọ̀nà. A gbààwẹ̀, a gbé ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì a dín kù. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹrin, bí kì í bá ṣe àlùfáà, kò sí ẹni tí ó ń yà níbẹ̀. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí lọ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dé ẹnu géètì wọn, mo sì yí padà, nítorí n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, a ń gbàdúrà fún un." Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ó ti yẹ, ó wá ní, "Màmá Tíṣà, àdúrà yín ń dé ọ̀dọ̀ wa o. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ kò dé."

N kò lè ra ohun tí mo wá rà mọ́. Mo padà sílé.

Àwa ará Ìbàdàn kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọmọ tí eré ìdárayá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lójijì. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ọkùnrin fẹ́ràn Shooting Stars yóò rántí Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà pẹ̀lú England ní Ife Àgbáyé ọdún 2002. Àrùn ojú ni ó dá a dúró ní ọdún 2006, kí ó tó pé ọdún 22. Ìlú pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó ń sáré, ṣùgbọ́n ìlú kì í pẹ́ gbàgbé.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ ti ọmọ àdúgbò wa jù ni Joni Eareckson. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú ìdàpọ̀ yóò rántí orúkọ náà, nítorí ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976 dé ilé onígbàgbọ́ púpọ̀. Ọmọ ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni. Kì í jókòó sójú kan: ó ń gun ẹṣin, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó ń gbá tẹ́nìsì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kathy lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Chesapeake Bay. Joni forí bẹ́ sínú omi, kò mọ̀ pé ibẹ̀ kò jìn. Eegun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Ó dojú bolẹ̀ nínú omi, kò lè gbé apá, kò lè gbé orí láti mí. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé akàn ni ó já Kathy ní ìka ẹsẹ̀, tí Kathy fi yíjú padà láti kìlọ̀ fún un, tí ó sì rí i pé àbúrò òun kò jáde. Akàn lásán!

Láti èjìká sísàlẹ̀, ara rẹ̀ kú. Nǹkan bí ọdún méjì ni ó lò láti ilé ìwòsàn dé ibi ìtọ́jú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láti ọjọ́ kìíní ni ó ti ń yin Ọlọ́run lógo. Ó bínú sí Ọlọ́run. Ó bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó ran òun lọ́wọ́ kí òun lè kú, nítorí kò ní ọwọ́ tí yóò fi ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú wa, ẹ má ṣe sáré pè é ní ẹ̀mí èṣù. Jóòbù sọ ọ̀rọ̀ tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlọ́run kò sì lé e.

Joni wá ìwòsàn. Ó lọ sí ìpàdé ìwòsàn ńlá tí Kathryn Kuhlman ṣe ní ìlú Washington, ó sì lọ pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Kí ìpàdé tó parí, àwọn olùtọ́jú èrò kó àwọn tí ó wà nínú àga oníkẹ̀kẹ́ jáde ṣáájú kí ọ̀nà má bàa dí. Ó sọ bí òun ti rí ara òun nínú ìlà àwọn arọ, tí wọ́n ń dúró de ẹ̀rọ tí yóò gbé wọn sọ̀kalẹ̀, bí wọ́n ti wá gan-an ni wọ́n ń padà lọ. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti ka irú èyí nínú ìwé ìdàpọ̀. Mo gbàgbọ́ pé Olúwa ń wo aláìsàn sàn. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó wà ní Mọlété yìí, wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ gun orí òkè àdúrà mẹ́ta. Wọ́n sọ fún un pé ọwọ́ ayé ni, wọ́n sọ pé kí ó wo ilé ọkọ rẹ̀ dáadáa, nígbà tí kò sì rí ìyípadà, wọ́n ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Nínú Jòhánù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí afọ́jú: ta ni ó dẹ́ṣẹ̀? Olúwa ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Èé ṣe tí àwa fi ń béèrè ohun tí Olúwa ti dáhùn?

Kí ni ó wá gbé Joni dúró? Ọ̀rẹ́ ni. Ní òru ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin kan yọ́ wọ ilé ìwòsàn, ó dùbúlẹ̀ tì í lórí ibùsùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, ó sì rọra kọrin sí i létí. Kò wàásù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, Steve Estes, ń wá sílé wọn láti bá a ka Bíbélì, ó ń wá, ó sì tún ń wá. Ní ọdún 1978 àwọn méjèèjì kọ ìwé pọ̀. Joni kọ́ bí a ti ń fi ẹnu di búrọ́ọ̀ṣì mú ya àwòrán. Ní ọdún 1979 ó dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, ní 1982 ó fẹ́ Ken Tada, tíṣà bíi tèmi. Láti ọdún 1994 ni iṣẹ́ náà ti ń kó àga oníkẹ̀kẹ́ tí a ti lò rí jọ, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sì ń tún un ṣe kí a tó fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ó ti wà nínú àga. Kò dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wo Mefibóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, alágbàtọ́ gbé e sá, ó já bọ́, ó sì yarọ. Dáfídì ránṣẹ́ pè é láti Lódébárì. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó dá ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ padà fún un, ó yan Síbà àti àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa ro ó, ó sì fún un ní àyè nídìí tábìlì ọba ní ojoojúmọ́. Ẹ ṣàkíyèsí bí orí kẹsàn-án ti parí: ó tún sọ fún wa pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Bíbélì kò tijú láti sọ ọ́.

Ó ku ohun kan tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nítorí ìmọ̀ ni, àìmọ̀ sì ti ba ọmọ púpọ̀ jẹ́. Mùdùnmúdùn kan wà nínú eegun ọrùn àti ẹ̀yìn tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú lórí pápá, tí ó ní ọrùn ń dun òun tàbí òun kò mọ ẹsẹ̀ òun, ẹ má ṣe fà á dìde. Ẹ má ṣe na ọrùn rẹ̀, ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn bí ó ti wà, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ó má mì, títí a ó fi rí pákó títẹ́ àti ọwọ́ púpọ̀ tí yóò gbé e lọ́gbọọgba lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àwa obìnrin. Kí ó tó di ìgbà ogun Hitler, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́ kì í pẹ́ kú. Egbò ìdí àti àrùn ìtọ̀ ni ó ń pa wọ́n. Dókítà Ludwig Guttmann, Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú irú wọn ní Stoke Mandeville ní England ní ọdún 1944. Ó ní kí a máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru. Ó tún fún wọn ní ọfà láti ta: ní ọdún 1948, àwọn 16 díje nínú àga wọn, ibẹ̀ sì ni ìdíje Paralympics ti bẹ̀rẹ̀. Abebe Bikila ará Etiópíà, tí ó fi ẹsẹ̀ òfìfo sáré gba góòlù ní Róòmù ní 1960, dé ilé ìwòsàn náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní oṣù Kẹta ọdún 1969. Kò rìn mọ́ títí ó fi kú ní 1973, ṣùgbọ́n ní 1970 ó jókòó sínú àga, ó ta ọfà pẹ̀lú àwọn yòókù.

Wákàtí méjì méjì, ẹ̀yin ìyá mi. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é ní òpópónà wa láti ọjọ́ yìí wá. Ìgbà wo ni ó ń sùn?

Mo ti padà lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ, mo bá a gé èékánná. Nísinsìnyí mo ń lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀ ń sùn, èmi àti ọmọ ń ka ìwé ìdánwò rẹ̀. Ìṣirò tí ó mọ̀ ju tèmi lọ. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ wá sí ilé Ọlọ́run. Mo lọ ka àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wa: márùn-ún ni. Káfíńtà ti ní òun lè fi pákó ṣe ọ̀nà ìgbékẹ̀kẹ́ síbẹ̀, àwọn alàgbà sì ń gbé e yẹ̀ wò. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, gbígbé ni a ó máa gbé e, pẹ̀lú àga rẹ̀, kí a sì máa gba ipò ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìdàpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀. Tèmi ti wà níbẹ̀. Ó ku mẹ́ta.